Ṣíṣún Owó Ná Kò Ṣeé Dá Ṣe: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Ará Festac àti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Àkòrí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni bí ènìyàn ṣe lè máa ṣún owó ná lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n á ní kí ìyá ilé dín ẹran ọbẹ̀ kù, kí baálé jáwọ́ nínú ọtí, kí ọmọ gbàgbé súyà, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ láti First Gate títí dé Seventh Avenue ti dín gbogbo ohun tó ṣeé dín kù láti ọdún 2023. Ẹran ti di panla, panla ti di ṣáwá, síbẹ̀ owó oṣù kì í bá wọn dé ìdajì oṣù. Ohun tí mo wá bá yín sọ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni owó tí oníkálukú ń dá ná lórí ohun tó yẹ ká jọ ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn aláwọ̀ dúdú láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 péjọ sí Nàìjíríà fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà tí gbogbo ayé mọ̀ sí FESTAC '77. Nǹkan bíi 17,000 olùkópa ni wọ́n ń retí, àwọn ni wọ́n sì kọ́ ìlú yìí fún kí wọ́n lè rí ibi sùn. Owó epo rọ̀bì ló kọ́ ọ, nígbà tí owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọlé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó tó 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni èbúté Èkó lè já sílẹ̀ lọ́dún kan. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú òkun wa, wọn kò rí ibi já ẹrù sí, Nàìjíríà sì ń san owó ìdúró fún wọn lójoojúmọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ sìmẹ́ńtì di òkúta nínú ọkọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni owó Údójì, ìyẹn ẹ̀kúnwó oṣù, bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí bí rédíò, ẹ̀rọ agbórin àti fíríìjì ṣe tán lórí igbá. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn kan nínú wa fi ń tò fún ṣúgà àti mílíìkì nídìí ẹ̀sẹ́ńkò, ìyẹn ọjà kòṣeémánìí tí ìjọba ń tà.

N kò mẹ́nu kan ìtàn yìí láti fi bú àwọn tó ṣèjọba nígbà náà. Ohun kan wà nínú ètò ìlú yìí tó dára, òun ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn tó ya àwòrán Festac gbà pé ohun kan náà ni gbogbo ilé yóò jọ lò: omi kan tó ń bọ̀ láti ojú kan, páìpù abẹ́ ilẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀gbin gbogbo ilé lọ, iná ojú títì kan, òpópónà tí wọ́n fi nọ́ńbà pè dípò orúkọ ènìyàn. Nígbà tí àjọ̀dún parí, tí Federal Housing Authority pín ilé náà fún ará ìlú, tí ọ̀pọ̀ sì mú tiwọn nínú ìbò, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé ìdáná wọn.

Díẹ̀díẹ̀ ni omi yẹn dáwọ́ dúró. Páìpù ìdọ̀tí dí, kò sẹ́ni tó tún un ṣe bó ṣe yẹ. Kí la wá ṣe? Oníkálukú gbẹ́ bọ́hóòlù tirẹ̀. Ẹ bá mi rìn ní klósì kan ṣoṣo, òpópónà kékeré wa tí kò já síbòmíràn, kí ẹ ka táńkì omi tó ga lókè ilé. Ilé mẹ́wàá, bọ́hóòlù mẹ́wàá, ẹ̀rọ afami mẹ́wàá, orí omi abẹ́ ilẹ̀ kan náà. Ní ibòmíràn omi náà tún ń fi ìpẹtà sínú korobá, onílé á tún lọ ra ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, páwọ́tà á sì tún wọlé fún mímu. Owó tí ilé mẹ́wàá yẹn rì mọ́lẹ̀ ì bá gbẹ́ bọ́hóòlù méjì tó jinlẹ̀ dáadáa, ì bá ra àsẹ́ ńlá kan, yóò sì tún ṣẹ́kù fún owó ẹni tó ń bójú tó o. Ìná àpà ọdún 1975 kò mọ sílé ìjọba mọ́, ó ti wọ ilé wa.

Ti iná ló le jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo bẹntiróòlù kò tó ₦200 l'Ékòó. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ń súnmọ́ ₦1,000. Bí ìdílé kan bá ń da lítà mẹ́rin sínú jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ kan, láti fi tan fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fíríìsà tí ẹja wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi ₦4,000 nìyẹn ní iye ìgbà náà, ₦120,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìjọba Èkó ní ₦85,000 lòun yóò san. Nígbà náà, iná alẹ́ ti jẹ gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ kan, ó tún ti na ọwọ́ sí ti ẹnì kejì. A pariwo nígbà tí iná Band A, ti àwọn oníbàárà tí iná wọn ń pẹ́ jù, di ₦225 lórí yúnìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ariwo náà sì tọ́, ṣùgbọ́n owó iná tí jẹnẹrétọ̀ kékeré ń mú wá lórí yúnìtì kan ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ nígbà náà.

Ẹ wá wo bùlọ́ọ̀kù oní-fúláàtì mẹ́fà ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń hó lábẹ́ àtẹ̀gùn kan náà, èéfín wọn ń wọ yàrá ara wọn, olúkúlùkù sì ń tan fáànù kan àti gílóòbù mẹ́ta. Mo ti bi àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ pé kí ló dé tí wọn kò ra ńlá kan, tàbí kí wọ́n dá owó jọ gbé sólà àti bátìrì sórí òrùlé. Èsì tí mo ń gbọ́ kì í sábà jẹ́ pé owó kò sí. Wọ́n á ní, "Ẹni tó wà lókè yẹn á tan ẹ́sí, a ó jọ sanwó rẹ̀." Ìfọkàntán ni kò sí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Fún iná, mítà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ fúláàtì kọ̀ọ̀kan ti yanjú ẹjọ́ ẹ́sí yẹn: iye tí o bá fà ni wàá san.

Ohun kan wà tí a ń jọ lò tó sì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ ká sọ ọ́. Reluwé aláwọ̀ búlúù tó ń ti Mile 2 lọ sí Màrínà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ọ̀nà kìlómítà 13 ni, ibùdókọ̀ márùn-ún, iná ló sì ń wà á. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó sì ń gbé Festac ṣì lè máa gbé mọ́tò tirẹ̀ jáde lárọ̀ọ́, kó dúró sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Orílé kí epo máa jó lásán. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí àwọn nínú kẹ̀kẹ́ Marwa tó ń lọ sí Mile 2. Bí a ṣe mọ là ń kú, olóńgo kì í kú tìyàǹgà-tìyàǹgà.

Ó kan ọjà. Àjọ tó ń ka ìṣirò orílẹ̀-èdè yìí, NBS, sọ pé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, owó oúnjẹ fi nǹkan bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kan náà ní 2023 lọ. Gbogbo wa la jẹ ìyà yẹn, ṣùgbọ́n a kò jẹ ẹ́ bákan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ló ń ra ọjà wọ́n jù. Ó ń ra òróró nínú láílọ́ọ̀nù kékeré tí wọ́n so lórí, ó ń ra ṣúgà ẹ̀kún ṣíbí mélòó kan, mílíìkì ọlọ́ràá, ìrẹsì dẹ́ríkà kan, gáàsì kílò kan, dátà ọjọ́ kan. Ẹ ka iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára ọ̀rá mílíìkì kékeré, kí ẹ fi pín owó rẹ̀, kí ẹ ṣe bákan náà fún agolo ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan náà lojú yín á là. Kì í ṣe pé olówó dẹ́ríkà kan kò mọ ìṣirò. Owó àpò ìrẹsì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tilẹ̀ wà, yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé kò gba àpò, bó bá sì ra ẹ̀wà púpọ̀, kòkòrò á bá a jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwà ọ̀lẹ tàbí àìgbọ́n kan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún yín. Ní ọ̀kan nínú àwọn klósì tó wà lẹ́yìn Fourth Avenue, àwọn ìyá mẹ́fà kan dá owó jọ, ẹni méjì nínú wọn lọ sí ọjà Àgbójú, wọ́n ra àpò ìrẹsì kan, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé. Wọ́n tẹ́ ẹní sí iwájú ilé, wọ́n to ọpọ́n mẹ́fà yíká. Dẹ́ríkà tiwọn ni wọ́n lò, wọn kò lo ti ọjà, nítorí pé gbogbo wa la mọ kóńgò tí wọ́n ti fi òòlù lù nídìí títí ìdí rẹ̀ fi yọ sínú. Ẹnì kan ń bù ú, ẹlòmíràn ń fi igi pẹlẹbẹ nu orí rẹ̀ kó má baà ga fún ọ̀rẹ́ kó sì jìn fún aládùúgbò. Ó ń lọ yípo, dẹ́ríkà kan fún ọpọ́n kọ̀ọ̀kan, kò sí pé a kún ti ẹnì kan ká tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó ku èyí tí kò lè dé yípo mọ́, wọ́n kó ìdí àpò náà fún àwọn méjì tó lọ sọ́jà, òun ni owó ẹsẹ̀ wọn. Kò sí ariwo. Ìyá àgbà kan tó jókòó lórí àga nìkan ló ń ka iye rẹ̀ sókè. Mo rí i pé ọ̀nà tí wọ́n gbà pín in ni kò jẹ́ kí ìjà wáyé: gbogbo ojú ló ń wò ó, gbogbo etí ló ń gbọ́ iye rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1844, ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ 28, tí àwọn ahunṣọ wà lára wọn, kó pọ́n-ùn 28 jọ, wọ́n ṣí ilé ìtajà kékeré kan tí ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà, óòtì àti àbẹ́là wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣòwò ìlú náà ti ń fi ìwọ̀n èké tajà fún wọn, wọ́n sì ń po ohun mìíràn mọ́ ìyẹ̀fun. Nínú ilé ìtajà yẹn ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ òde òní ti mú àpẹẹrẹ rẹ̀ káàkiri ayé, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwa tí òfin ti wà fún ní Nàìjíríà láti 1935. Ní tiwa, èsúsú ti wà tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e lọ sí Trinidad, wọ́n sì ń dá a níbẹ̀ di òní, susu ni wọ́n ń pè é.

Lónìí, ọ̀dọ́ á sọ fún mi pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lòun fi ń fi owó pamọ́. Ó dára. PiggyVest tí ọ̀pọ̀ yín ń lò bẹ̀rẹ̀ ní 2016, lẹ́yìn tí obìnrin kan fi hàn lórí Twitter pé òun fi kólò onígi fi ₦1,000 pamọ́ lójoojúmọ́ fún ọdún kan. Kólò tó wà lábẹ́ ibùsùn ìyá àgbà wa náà ni wọ́n gbé wọ inú fóònù. Ṣùgbọ́n kólò kò lè ra àpò ìrẹsì fún ilé mẹ́fà. Owó ẹnì kan ló ń pamọ́, ẹnì kan náà ni yóò tún dá a ná.

Mo sọ pé ìfọkàntán ni ìdènà. N kò ní díbọ́n pé ẹ̀rù yẹn kò nídìí. Alájọ tó kó owó ọjà sálọ wà. Akápò tó fi owó ẹgbẹ́ ra mọ́tò wà. Ẹni tó kọ́kọ́ kó èsúsú tí a kò rí mọ́ títí dòní wà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìtàn Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní 1915, tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ kó tó di alájọ, tó sì kú ní 2012. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n pé orí rẹ̀ pé, pé ó mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dá láìwo ìwé. Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ pòwe máa ń fi kún un pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wọ ojúlé tí mọ́tò kò lè wọ̀, àwọn ìyá tó dáwó fún un sì ń rí i lójoojúmọ́ pé owó àwọn kò tíì di mọ́tò lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe fọkàn tán an. Alájọ ń gba owó ọjọ́ kan lóṣù, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦29,000. Àwọn kan ní ó wọ́n. Bí mo bá wo iye tí ẹni náà ì bá ti ná kí oṣù tó parí, n kò rò pé ó wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá fọwọ́ kan aṣọ ẹbí, nítorí bí mo bá fò ó, ẹ ó ní mo bẹ̀rù àwọn ìyá. N kò kórìíra aṣọ ẹbí. Ọjọ́ ìsìnkú ìyá ènìyàn, bí ó bá bojú wẹ̀yìn tó rí àwọn ará klósì nínú àǹkárá kan náà, ó mọ̀ pé òun kò dá wà. Kò sí owó tó ń ra ìyẹn. Ohun tó ń ká mi lára ni ti ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin nínú oṣù kan, léèsì tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a fi sápótí, gèlè tí ìyá kan yáwó rà nítorí ohun tí wọn ó sọ. Síbẹ̀, ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan ń gba owó lọ́wọ́ ogójì ènìyàn. Orúkọ kò sọnù. Ẹni tó san ìdajì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ra ìdì aṣọ lẹ́ẹ̀kan ní Balógun lówó ọjà, wọ́n gé e, kò sẹ́ni tí tirẹ̀ dín. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwa tí a ní a kò fọkàn tán ara wa tó láti jọ ra jẹnẹrétọ̀ ni à ń ṣe èyí lóṣooṣù, láìsí lọ́yà, láìsí báńkì.

Ẹni tó lè kó owó aṣọ ogójì ènìyàn jọ lè kó owó òróró jọ. Agbọ̀n tòmátì àti tàtàṣé máa ń rọjú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń gbówó lórí bí ẹni bínú láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ. Ilé mẹ́jọ tó bá jọ ra agbọ̀n ní oṣù kejì, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sè é gbẹ, tí wọ́n dà á sínú ìgò, yóò rí ìyàtọ̀. Owó ilé ìwé ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, síbẹ̀ ó ń bá wa lójijì. Owó ilé náà bẹ́ẹ̀: a ń gba owó iṣẹ́ lóṣooṣù, onílé ń gba tirẹ̀ lọ́dọọdún, òfin Èkó ti 2011 sì ti ní onílé kò gbọdọ̀ béèrè ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọ́n ń yá owó èlé láti san ọdún méjì. Nígbà tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ọjà Oúnjẹ Èkó ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2024, tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní ẹ̀dínwó 25 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kan fi gbogbo ọjọ́ Sunday tò lórí ìlà. Èmi fara mọ́ irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọjà ìjọba ń ṣí, ó ń tì.

Nítorí náà, ìbéèrè mi lọ́wọ́ ẹ̀yin alága klósì kò pọ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sólà tàbí bọ́hóòlù, owó wọn tóbi, ìjà wọn sì tóbi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì kan àti kẹ́ẹ̀gì òróró kan láàárín ilé mẹ́fà, ní oṣù yìí. Kí wọ́n máa ka iye rẹ̀ sókè níwájú gbogbo ènìyàn, kí ìwé wà ní ibi tí ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí kò sí ìjà, ẹ fi àjọ owó ilé ìwé kún un. Bí ọdún bá yí po, ẹ pe ẹni tó ń ṣe sólà kó wá wọn òrùlé bùlọ́ọ̀kù kan wò, kó sọ iye tí fúláàtì kọ̀ọ̀kan yóò san. Ẹ má wá akápò tuntun. Ẹni tó ń gba owó aṣọ ẹbí ní klósì yín ni kí ẹ fún níṣẹ́ náà, ó ti mọ ẹni tó máa ń san lásìkò àti ẹni tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ti ra àwọn ìwé àkọsílẹ̀ díẹ̀, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, kí alága kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan bó bá ń jáde.